Láti Washington dé ìdí àdògán: bí Nepal ṣe kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ní èdè àti àṣà rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, káàdì ìfìwéránṣẹ́ kan já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ará Amẹ́ríkà kan nínú ọgbà University College, Ìbàdàn. Kò tíì pé oṣù kan tí òun àti àwọn olùyọ̀ǹda àkọ́kọ́ tí Peace Corps, ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ti ìjọba Amẹ́ríkà, rán sí Nàìjíríà gúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ló ń kọ̀wé sí. Ó ń ròyìn bí ó ṣe rí i tí àwọn èèyàn ń dáná, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní ojú títì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan he káàdì náà, wọ́n dà á kọ, wọ́n pín in káàkiri ọgbà, ọ̀rọ̀ sì di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní kí àwọn àlejò náà máa lọ sílé wọn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọmọbìnrin náà ti padà sí Amẹ́ríkà. Ọmọ tó kàwé ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìkà. Yunifásítì Harvard ni wọ́n ti dá òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ wa kí wọ́n tó wọ bàálù.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí Peace Corps yìí kan náà kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Nepal, ilẹ̀ olókè tó wà láàrin Íńdíà àti Ṣáínà, níbi tí ẹlòmíràn ti ní láti fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó dé abúlé tí wọ́n rán an sí. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn àlejò yẹn ní èdè àti àṣà Nepal, nítorí pé ìtàn náà ń lọ síbi tí ó yẹ kí gbogbo irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní òkèèrè, ó sì parí sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ọmọ Nepal àti àwọn ìyá tó ń dáná ní abúlé. Àwọn wọ̀nyí ni mo kà sí olùdásílẹ̀ rẹ̀.

Láti ọdún 1846 títí di 1951, ìdílé Rana ló ń ṣe ìjọba Nepal. Ọba wà láàfin, kò ní agbára kankan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn orílẹ̀-èdè náà mọ́ àjèjì. Yàtọ̀ sí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kathmandu àti dókítà rẹ̀, Òyìnbó tó wọ ibẹ̀ kò pọ̀ rárá. Síbẹ̀ àjèjì ti ń kọ́ èdè Nepali tipẹ́, láti ẹ̀yìn ògiri. Nígbà ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá Nepal jà láàrin 1814 sí 1816, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ òkè Nepal, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Gurkha, sínú iṣẹ́ ológun ní Íńdíà. Ọ̀gá tí kò gbọ́ èdè ọmọ ogun rẹ̀ kò lè kó o lọ sójú ìjà. Ní 1820, J. A. Ayton tẹ ìwé gírámà èdè náà jáde ní Calcutta. Ralph Turner, tó bá àwọn Gurkha jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, gbé ìwé atúmọ̀ èdè Nepali jáde ní 1931, ìwé gbàǹgbà tí àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń yẹ̀ wò títí di òní.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣẹ ni àwọn ọ̀gá ológun nílò jù lọ: dìde, tò, gbé ìbọn, padà sẹ́yìn. Ẹni tó wà lókè ló ń bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Irú èdè bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò fún ẹni tó fẹ́ sun inú ilé olóko, tó fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé, tó sì fẹ́ kí ìyá ilé bu oúnjẹ fún òun.

Ìjọba Rana wó ní 1951. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nepal nígbà náà, agbára káká la fi lè rí márùn-ún tó mọ̀wé kọ, tó mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó so Kathmandu pọ̀ mọ́ Íńdíà, Tribhuvan Rajpath, ọdún 1956 ni wọ́n parí rẹ̀. Àwọn àjèjì tó tètè wọlé láti gbé níbẹ̀, onísìn ni púpọ̀ nínú wọn. Àlùfáà Marshall Moran, ara ẹgbẹ́ Jésúìtì, ṣí ilé-ìwé St. Xavier's ní Godavari ní 1951. Ní 1954, àwọn ìjọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ para pọ̀ dá United Mission to Nepal sílẹ̀. Ìjọba gbà kí wọ́n ṣètọ́jú aláìsàn kí wọ́n sì kọ́ ọmọ níwèé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ yí ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà. Àwọn òṣìṣẹ́ Mission yìí wà lára àwọn àjèjì tó kọ́kọ́ fi kíkọ́ èdè ṣe iṣẹ́ ní Nepal fúnra rẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì tí kò lè béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé ibo ló ń dùn ún, ẹrù ló jẹ́ fún ilé ìwòsàn.

Ìgbà tí Peace Corps dé ni ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ààrẹ Kennedy dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1961, ó sì fi Sargent Shriver ṣe olórí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1962, bí àádọ́rin olùyọ̀ǹda gúnlẹ̀ sí Kathmandu. Nepal I ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn títí di òní. Bob Bates tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá wọn, olùkọ́ ni, ó sì jẹ́ agunkè tó ti lọ dán òkè K2 wò ní 1938 àti 1953. Igbákejì rẹ̀ ni Willi Unsoeld. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1963, Unsoeld àti Tom Hornbein gba ìhà ìwọ̀-oòrùn gun orí Everest, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà rí. Òtútù sì jẹ mẹ́sàn-án nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ Unsoeld. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì di ọ̀gá àgbà Peace Corps níbẹ̀. Mo mẹ́nu ba àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kí ẹ lè mọ irú ẹ̀mí tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀mí ìgboyà, ẹ̀mí agunkè. Ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kọ́ ló ń mú kí ìyá arúgbó ní abúlé gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ.

George Washington University, ní Washington, ni àwọn ará Nepal I ti kọ́ èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn ṣe ń kọ́ ọ ní oríṣiríṣi yunifásítì Amẹ́ríkà, títí kan ọgbà Davis ní California fún àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn ọmọ Nepal wà láàrin àwọn olùkọ́, wọ́n ṣe bẹbẹ. Àmọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. Ọ̀nà ìkọ́ni tó gbòde nígbà náà ni àtúnwí: olùkọ́ á sọ gbólóhùn kan, kíláàsì á wí i tẹ̀ lé e, a ó yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, a ó fi òmíràn dí i, a ó tún un wí títí ẹnu á fi bó. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn sì ń ṣọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí wọn kò bá tẹ́wọ́ gbà, ilé ni yóò gbà lọ kí ẹ̀kọ́ tó parí. Nígbà tí ọmọ bá jáde ní kíláàsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi ra búrẹ́dì, òun náà ló máa fi ṣeré. Nepal tí wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀ wà nínú àwòrán ara ògiri.

Àbùkù ọ̀nà yìí hàn gbangba nígbà tí wọ́n dé abúlé. Èdè Nepali kò rọrùn fún etí Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n gbọ́ sí ohùn «t» kan ṣoṣo, mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fún ọmọ Nepal: ahọ́n lè kan eyín tàbí kí ó ká sẹ́yìn, èémí sì lè bá a jáde tàbí kí ó má bá a jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń kẹ́yìn gbólóhùn, tí èèyàn á fi máa dúró de òpin kí ó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà Devanagari tún ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo èyí ṣeé kọ́ ní Washington bí olùkọ́ bá dára. Ohun tí kò ṣeé kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń wọ ilé onílé.

Ẹ rántí pé nígbà tí àwọn ará Nepal I dé, òfin àtijọ́ ṣì wà lórí ilẹ̀. Muluki Ain ni wọ́n ń pè é, ìwé òfin tí Jang Bahadur Rana gbé jáde ní 1854, tó to gbogbo èèyàn Nepal sí ipò gíga àti ipò rírẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdílé tí wọ́n ti bí wọn. Òyìnbó ní ipò tirẹ̀ nínú rẹ̀: ó wà lára àwọn tí ẹni ìran gíga kò lè gba omi lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni ìwé òfin tuntun dé, tó mú ìyàsọ́tọ̀ ìran kúrò lábẹ́ àṣẹ ìjọba, ṣùgbọ́n òfin kì í yára wọ ilé ìdáná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn Bahun, àwọn ìran àlùfáà, àlejò kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibi àdògán. Ìta ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá a. Ọ̀dọ́ tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ fún un pé ọgbọọgba ni gbogbo èèyàn, tó wá rí i pé òun gan-an ni wọ́n kà sí aláìmọ́, ìwé gírámà kò lè tù ú nínú. Ó nílò ẹni tó máa jókòó tì í, tó máa ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, tó sì máa fi ẹsẹ̀ ọ̀nà tó lè gbà di ará ilé hàn án.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, Nepal nìkan la ti lè rí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹ̀kọ́ náà kúrò ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ó bọ́ sí ilẹ̀ Nepal. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni a dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nepal, tí púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, gba iṣẹ́ olùkọ́ èdè. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń fi èdè ìyá ẹni kọ́ àjèjì, nítorí iṣẹ́ náà kò tíì sí ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tó ń dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń tún ẹ̀kọ́ tò láti orí ẹgbẹ́ kan dé orí òmíràn. Méjì nínú wọn, Tika B. Karki àti Chij K. Shrestha, ló kọ Basic Course in Spoken Nepali, ìwé tí ìrandíran olùyọ̀ǹda gbé sínú àpò gun òkè. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìwé tiwọn: T. W. Clark ti London gbé Introduction to Nepali jáde ní 1963. Ìwé ọ̀mọ̀wé ni ti Clark, ó dára. Ti Karki àti Shrestha, láti inú ọjà, ilé oúnjẹ àti ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí máa ń tẹnu mọ́ ni bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní «you» kan ṣoṣo fún ọba àti ọmọdé. Nepali ní «ta» fún ọmọ kékeré, fún ẹran ọ̀sìn, tàbí fún ẹni tí inú ń bí wa sí. «Timi» fún ọ̀rẹ́ àti àbúrò. «Tapai» fún àgbà àti àlejò. Ó sì ní «hajur» fún ẹni tó tún ga ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà á yí padà tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá tó bá ń kà mí yóò ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ fi «tapai» nìkan há wọn lẹ́nu, kí àlejò má baà fi ọ̀rọ̀ ọmọdé kí bàbá olóyè. Ìgbà tí wọ́n bá ti gbé abúlé, tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ti ń pè wọ́n ní «timi», ni àwọn náà máa ń sọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èyí àti èdè àṣẹ àwọn ọ̀gá Gurkha pọ̀ gan-an. Ìsàlẹ̀ ni olùyọ̀ǹda ti bẹ̀rẹ̀, àwọn onílé ló sì ń fà á sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan orúkọ ẹbí. Ní Nepal, ẹni tí a kò mọ̀ rí lójú ọ̀nà kì í ṣe «ọ̀gbẹ́ni». Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni, «dai», tàbí àbúrò ọkùnrin, «bhai». Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni, «didi», tàbí àbúrò obìnrin, «bahini». Obìnrin tó tó ìyá ẹni, «ama» ni. Èèyàn ní láti wo ojú, kí ó fi ọjọ́ orí díwọ̀n rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Wọ́n á kọ́ wọn láti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ wí «namaste», kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá pàdé láàárọ̀ bóyá ó ti jẹun, nítorí ìkíni ni. Wọ́n á sọ fún wọn pé orí tí èèyàn mì sí ẹ̀gbẹ́ lè túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má ṣe na ẹsẹ̀ sí àgbà. Ẹ má ṣe ré ẹni tó jókòó kọjá. Bí ẹ bá ń yí ojúbọ ẹlẹ́sìn Búdà ká, ẹ jẹ́ kí ó wà ní apá ọ̀tún yín.

Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó le jù ni «jutho». Ohunkóhun tó bá ti kan ẹnu èèyàn, tàbí tí ọwọ́ tó fi ń jẹun bá kàn, ti di jutho; ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá fi ṣíbí ara rẹ̀ bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò ti ba oúnjẹ gbogbo ilé jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó máa bá a wí lójú, nítorí àlejò ni. Omi ni kí ó dà sọ́fun láìjẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan ike. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ lẹ́ńtìlì, dal bhat, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi máa ń jókòó jẹun pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Oúnjẹ náà ni kíláàsì.

Àwọn olùyọ̀ǹda obìnrin ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Híńdù, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìdáná, kì í sì í fọwọ́ kan omi mímu. Ní ìwọ̀-oòrùn jíjìn, àṣà chhaupadi a tilẹ̀ máa lé e lọ sùn sínú ahéré. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nepal fòfin de chhaupadi ní 2005, òfin tí wọ́n ṣe ní 2017 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Olùkọ́ èdè tó jẹ́ obìnrin, ọmọ Nepal, tó dá àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí jókòó lọ́tọ̀ láti sọ ohun tí yóò bá wọn, láìfi àṣà náà pamọ́, láì sì bú ilẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe wúwo gan-an. Mi ò tíì rí ìwé kankan tó yìn wọ́n tó.

Nígbà tó yá, wọ́n kó ẹ̀kọ́ náà kúrò ní kíláàsì pátápátá. Ọ̀nà tí Peace Corps ń lò káàkiri ayé láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni pé kí wọ́n pín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí abúlé, ní mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé ilé ẹbí kan, kí olùkọ́ èdè kan sì máa gbé abúlé kan náà pẹ̀lú wọn. Ní Nepal, nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta ni. Òwúrọ̀, wọ́n á jókòó sórí ẹní nínú ọgbà ẹnì kan, wọ́n á kọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀sán, olùkọ́ á rán wọn níṣẹ́: ẹ lọ bi àwọn aláṣọ léèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan, ẹ lọ bá ìyá yín ṣa ẹ̀fọ́. Alẹ́, ẹbí ló kù tó máa kọ́ wọn. Ìyá ilé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì lè dín èdè rẹ̀ kù fún ẹnikẹ́ni. Lójú rẹ̀, ọmọ tó dàgbà tí kò lè sọ̀rọ̀ ló gbà sílé, bó sì ṣe kọ́ ọmọ tirẹ̀ náà ló ṣe ń kọ́ ọ. Nígbà tó bá di ọjọ́ ìdánwò, ẹnì kan á bá olùyọ̀ǹda sọ̀rọ̀ lẹ́nu, á sì díwọ̀n ibi tí èdè rẹ̀ dé. Ìwé kò sí níbẹ̀, pẹ́ńsù kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí kò yanjú dáadáa: èdè ta ni à ń kọ́? Nepali ni èdè ìjọba. Lábẹ́ ìṣèlú Panchayat tí Ọba Mahendra gbé kalẹ̀ ní 1962, èdè kan, aṣọ kan, ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pa kiri, ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti 1971 sì fi Nepali sí gbogbo ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀, ètò ìkànìyàn 2011 ka èdè 123 ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn tí Nepali sì jẹ́ èdè abínibí fún kò tó ìdajì àwọn aráàlú. Olùyọ̀ǹda tó kọ́ Nepali lákọ̀ọ́yè lè dé abúlé àwọn Tamang, àwọn Gurung, tàbí sí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Tarai níbi tí wọ́n ń sọ Maithili, Bhojpuri àti Tharu, kí ó rí i pé ọkùnrin tó ti rìnrìn àjò àti ọmọ ilé-ìwé nìkan ló gbọ́ òun. Àwọn ìyá àgbà kò gbọ́. Mi ò rò pé ó yẹ kí a fojú fo èyí. Bí àjèjì bá kọ́ èdè aláṣẹ nìkan, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti lágbára ni etí rẹ̀ máa kọjú sí. Àwọn kan lára àwọn olùyọ̀ǹda fúnra wọn kọ́ èdè kejì nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ó yẹ kí èyí ti wà lára ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Peace Corps nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. VSO ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Nepal ní 1964, àwọn olùyọ̀ǹda ọmọ Japan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1970. Gbogbo wọn ló nílò olùkọ́. Ní Kathmandu, Yunifásítì Tribhuvan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ní ọgbà tí wọ́n ń pè ní Bishwa Bhasha, níbi tí àjèjì ti lè forúkọ sílẹ̀ kọ́ Nepali, Newari tàbí èdè Tibet. Ìwé náà ń pọ̀ sí i: David Matthews gbé A Course in Nepali jáde ní London ní 1984, Ruth Laila Schmidt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé atúmọ̀ èdè òde òní jáde ní 1993, Michael Hutt àti Abhi Subedi sì kọ ìwé ìkọ́ra-ẹni ní 1999. Iṣẹ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ tí ọmọ Nepal lè fi bọ́ ìdílé rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà so, ẹ wo àwọn tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. James Fisher, ọ̀kan nínú àwọn ará Nepal I, bá Edmund Hillary ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ àwọn Sherpa ní 1964, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àṣà àwọn ará Himalaya. Donald Messerschmidt padà lọ gbé láàrin àwọn Gurung, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní 1976. Broughton Coburn wọ̀ sílé opó Gurung kan nígbà tó jẹ́ olùyọ̀ǹda. Ìwé tó kọ nípa ìyá náà, Nepali Aama, jáde ní 1982, tó kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá yẹn fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí kò bá lè jókòó ti ìyá arúgbó ní ìdí àdògán kí ó gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1996 láàrin ìjọba àti àwọn Maoist. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, bọ́ǹbù dún ní ibùdó ìsọfúnni ìjọba Amẹ́ríkà ní Kathmandu, Peace Corps sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò. Bí ilẹ̀kùn ṣe tì nìyẹn fún ọdún mẹ́jọ. Àwọn olùkọ́ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ yìí bá ara wọn níta. Ẹlòmíràn ń kọ́ èèyàn kọ̀ọ̀kan nílé, ẹlòmíràn lọ sí ilé-iṣẹ́ ìrànwọ́. Ogun parí ní 2006. Nígbà tí Peace Corps padà ní 2012, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn Nepal I, ìmọ̀ ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lórí àwọn èèyàn yẹn, kò sí nínú fáìlì kankan ní Washington. Ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2015, ó sì pa èèyàn tó súnmọ́ 9,000. Kòrónà dé ní 2020, gbogbo olùyọ̀ǹda Peace Corps káàkiri ayé sì padà sílé. Lẹ́yìn tí àrùn náà rọlẹ̀, wọ́n tún wá. Àpapọ̀ àwọn tó ti sìn ní Nepal láti 1962 ti lé ní 4,000.

Ohun tó ń dùn mí nísinsìnyí ni àwọn tó ń wá láìgba irú ẹ̀kọ́ yìí rárá. Ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò á gba owó gọbọi lọ́wọ́ ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Òyìnbó, á fi í sí ilé ọmọ aláìlóbìí ní Kathmandu fún ọ̀sẹ̀ méjì, á kọ́ ọ ní «namaste» ní pápákọ̀ òfurufú, ó parí. UNICEF ti kìlọ̀ nípa èyí: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní òbí láyé, wọ́n kó wọn wá láti abúlé nítorí owó àwọn àlejò ni. Ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ èdè kò lè bi ọmọ léèrè pé ìyá rẹ dà. Bí ó bá tilẹ̀ bi í, kò ní gbọ́ ìdáhùn. Òfin Nepal pàápàá kò fàyè gba ẹni tó bá fi físà ìrìn-àjò afẹ́ wọlé láti ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ láìgba owó.

Bí ọmọ tàbí àbúrò yín ní London tàbí Houston bá sọ fún yín pé òun fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ní Nepal, ẹ má ṣe dá a dúró. Ẹ bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n máa fi kọ́ ọ ní èdè, ọmọ Nepal wo ló máa kọ́ ọ, àti ilé ta ni yóò máa gbé. Bí àwọn tó fẹ́ mú un lọ kò bá ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má san owó fún wọn.